Ẹni tí Ó Ní Òun Kò Ní Ọ̀gá

  

Níbi ìpàdé wa kan ní Adó-Èkìtì, ọmọ wa kan tí ó wà ní yunifásítì dìde, ó ní: “Ẹ̀yin Alfa, anarchist ni mí. N kò gbà pé ó yẹ kí ènìyàn kan jẹ gàba lórí ẹnì kejì. Ṣé mo ti kúrò nínú ẹ̀sìn nìyẹn?” Inú bí wa, a jágbe mọ́ ọn pé kí ó jókòó. Ó jókòó, ṣùgbọ́n kò wá sí ìpàdé mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwa ni a jẹ̀bi. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí a tó dáhùn. Ìdí nìyí tí a fi lọ wádìí.

Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá. “Àìní olórí” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Proudhon, ará Faransé, fi pe ara rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ ní 1840. Àṣìgbọ́ mẹ́ta ni ó wà nípa rẹ̀.

Èkíní, wọ́n ní ìdàrúdàpọ̀ ni. Rárá o. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí àwọn ènìyàn fi àdéhùn ṣètò ara wọn láìsí ipá. Sam Mbah àti Igariwey, ọmọ Nàìjíríà, kọ ìwé lé e lórí ní 1997.

Èkejì, wọ́n ní ìpànìyàn ni. Lóòótọ́, ọ̀kan nínú wọn yìnbọn pa McKinley, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní 1901. Ṣùgbọ́n Tolstoy ti Rọ́ṣíà, tí èrò rẹ̀ sún mọ́ tiwọn, kọ ìwà ipá pátápátá.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ṣe-bó-ti-wù-ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ kí a jẹ gàba lórí òun, òun náà kò gbọdọ̀ jẹ gàba lórí ìyàwó, àbúrò tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa ní Èkìtì. Ní 1878, Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ogun Kírìjí sì gbóná títí di 1886, kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní 1893. Kì í ṣe òfin ni àwọn baba wa kọ̀, ìrẹ́jẹ ni. Síbẹ̀, Èkìtìparapọ̀ kò wà láìlólórí: Ògèdèǹgbé Iléṣà ni ó ṣíwájú wọn.

Nínú ìtàn Ìsìláàmù náà, àwọn Najdāt, ọ̀wọ́ kan nínú Khawārij, sọ pé ìmáàmù kò pọn dandan bí àwọn ènìyàn bá ń ṣe dọ́gba láàrin ara wọn. Àwọn onímọ̀ Sunna kò gbà fún wọn. Ànábì pàṣẹ pé bí ènìyàn mẹ́ta bá ń rin ìrìn àjò, kí wọ́n fi ọ̀kan ṣe olórí. Súrà Nisā’, ẹsẹ 59, sì pa wá láṣẹ láti tẹ̀lé àwọn aláṣẹ wa.

Ṣùgbọ́n ìtẹ̀lé náà ní ààlà. Ẹ rántí ọ̀gá ogun tí ó bínú, tí ó dáná, tí ó ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó sínú rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní bí wọ́n bá wọ̀ ọ́, wọn kì bá jáde mọ́. Inú ohun rere nìkan ni ìtẹ̀lé wà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Abu Bakr fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ tí ó gorí oyè, ní kí wọ́n tọ́ òun sọ́nà bí òun bá ṣìnà.

Nítorí náà, ìdáhùn wa rèé: ọmọ wa, o kò kúrò nínú ẹ̀sìn nítorí pé o kórìíra ìrẹ́jẹ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra. Ẹni tí ó lé gbogbo ọ̀gá lọ tí kò sì gba Ọlọ́hun ní Olúwa, ìfẹ́ inú rẹ̀ ni yóò gun un bí ẹṣin. Ẹni tí ó forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun nìkan ni kò ní forí balẹ̀ fún ènìyàn.

Ẹ̀yin àmíìrì àti àmíìrà, ẹ máa ka ìṣirò owó ẹgbẹ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn lóṣooṣù. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ máa béèrè, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè. Àwa náà ti lọ bá ọmọ wa nílé, a sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti padà sáàrin wa.

Kí Ọlọ́hun má ṣe wá ní alágbára tí ń ni ènìyàn lára, kí Ó má sì ṣe wá ní aláìgbọ́ràn. Àmín.