Ẹ̀rọ Kan, Sípíkà Púpọ̀



Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí, mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ́kọ́ ṣí Bíbélì Mímọ́ sí orí kejìdínlógún Ìwé Ẹ́ksódù, láti ẹsẹ 13 dé ẹsẹ 23, kí ẹ sì tún ka ẹsẹ 2 àti ẹsẹ 5 ní orí kẹfà Ìwé tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ sí àwọn ará Gàlátíà. Lẹ́yìn náà, ẹ bá mi wọ inú gbọ̀ngán ilé yín, kí a jọ wo ẹ̀rọ tí ń gbé orin sókè níbẹ̀, èyí tí à ń pè ní ámpílífáyà.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Adébáyọ̀ wa yìí, sípíkà méjì ni ẹ̀rọ náà bá wá láti ọjà. Láìpẹ́, ìyá ilé á ní kí a fa wáyà dé ṣọ́ọ̀bù òun ní iwájú ilé. Àwọn ọmọ á fẹ́ méjì sí yàrá tiwọn. Bí ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú àgbà bá dé, a ó tún gbé méjì sí ìta fún àwọn àlejò. Gbogbo wọn ni a ó so mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá ó lè gbé e, nítorí olúkúlùkù ń wí pé, “Kí ni sípíkà méjì péré yóò fi ṣe é?”

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn náà ti rí gan-an. Wáyà tí ó wà nínú sípíkà a máa dènà iná mànàmáná díẹ̀, ohm sì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìdènà yìí. Orúkọ ènìyàn ni. Georg Simon Ohm jẹ́ ará Jámánì, tí a bí ní ìlú Erlangen ní ọdún 1789. Olùkọ́ ni, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti físíìsì ní ìlú Cologne, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó ti wà lọ́wọ́ àwọn Jésúítì rí. Ní ọdún 1827 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ kò kà á sí. Ọdún 1841 ni Royal Society ti ìlú London tó fi àmì-ẹ̀yẹ Copley dá a lọ́lá.

Ọ̀pọ̀ sípíkà inú ilé ni a kọ 8 ohm sí lẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé bí sípíkà bá ti ń pọ̀ sí i ni ìdènà ń pọ̀ sí i. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Bí a bá so sípíkà 8 ohm méjì mọ́ ojú kan náà, tí wáyà pupa bá pupa, tí dúdú bá dúdú, ìdènà wọn di 4. Bí wọ́n bá di mẹ́rin, ó di 2. Ẹ ro táńkì omi tí ó wà lórí òpó lẹ́yìn ilé yín. Ẹnu ẹ̀rọ kan tí a ṣí kò ni ín lára. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, omi tí ń jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iná. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fi agbára 20 volt ránṣẹ́, sípíkà 8 ohm kan yóò fa ampere 2.5 lára rẹ̀, mẹ́rin yóò sì fa 10. Ojú òsì àti ojú ọ̀tún ẹ̀rọ ni ó sì ń ru ẹrù yìí, olúkúlùkù ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ náà ni a kọ ìwọ̀n tí ìdènà kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ojú A àti ojú B fún sípíkà oríṣi méjì, a sì máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí a bá fẹ́ lo méjèèjì pọ̀, kí sípíkà kọ̀ọ̀kan má ṣe dín ní 8 ohm. Àwa kì í kà á. Ohun tí ó sì burú jù ni pé ẹ̀rọ náà kì í tètè ké. Orin ń dún, àwọn àlejò ń jó, ara ẹ̀rọ sì ń gbóná sí i. Àwa tún fi aṣọ léèsì bò ó lórí kí ó lè lẹ́wà lójú àlejò, a sì dí ihò tí ìbá fi mí. Èyí tí ó bá ní ìdáàbòbò nínú á pa ara rẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Èyí tí kò bá ní, òórùn ohun tí ń jó ni a ó fi mọ̀, ohùn gbogbo sípíkà á sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ti gbọ̀ngán, ti ṣọ́ọ̀bù, àti ti ìta.

Ṣé ẹ̀rọ kan kò wá lè sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà àárín wa kò tíì gbàgbé Rẹ̀dífúṣọ̀n, àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí a ń kàn mọ́ ògiri. Ní Èkó ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1935, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Láti ibùdó kan ni wáyà ti ń gba orí òpó lọ sí ilé dé ilé, tí ọ̀rọ̀ kan náà ń dún ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbọ̀ngán ní wákàtí kan náà. Ó ṣeé ṣe nítorí pé a ṣètò rẹ̀. Àwọn tí ó kọ́ ọ mọ̀ pé púpọ̀ ni yóò gbọ́, wọ́n sì fi ìwọ̀n sí ohun tí àpótí kọ̀ọ̀kan yóò gbà.

Ètò wà fún tiwa náà. Èkíní ni kí a so sípíkà méjì tẹ̀ lé ara wọn, kí iná la ti ọ̀kan kọjá sí èkejì. Nígbà náà 8 àti 8 á di 16, ara á sì tu ẹ̀rọ. Àléébù rẹ̀ ni pé bí wáyà ọ̀kan bá já, èkejì á yadi pẹ̀lú. Èkejì ni kí a pín sípíkà mẹ́rin sí méjì-méjì, kí a so méjì kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ara wọn, kí a tó wá so ìdì méjèèjì pọ̀ mọ́ ojú kan. Ìdènà gbogbo wọn á tún padà di 8, ẹ̀rọ á sì gbé mẹ́rin bí ẹni gbé ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ilé ìjọsìn ńlá, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fi 100 volt ránṣẹ́, tí sípíkà kọ̀ọ̀kan sì ní tírànsífọ́mà tirẹ̀ tí ń bu ìwọ̀n tí a yàn fún un. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ 120 watt, tí sípíkà mẹ́wàá sì ń gba 10 watt ẹnì kọ̀ọ̀kan, 100 ni gbogbo rẹ̀, ó sì tún kù díẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ. Bí sípíkà bá pọ̀ ju agbára ẹ̀rọ kan lọ, kí a ra ẹ̀rọ kejì, kí a fa ohùn láti ara ti àkọ́kọ́ wá sínú rẹ̀. Ìdènà tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ kejì yìí fi ń gba ohùn a máa tó 10,000 ohm, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò fa ohun kan tí a lè kà sí lára ti àkọ́kọ́. Ohùn nìkan ni ó ń gbà. Agbára tí ó fi ń sọ ọ́ jáde, láti ara iná tirẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ará mi, ta ni ámpílífáyà nínú ẹbí yín? Ní Èkìtì wa, ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó ní ọmọ kan tí gbogbo ilé parapọ̀ rán ní ilé ìwé, tí ó wá di olùkọ́, tàbí nọ́ọ̀sì ní òkè òkun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo wáyà wà. Owó ilé ìwé ọmọ àbúrò, owó ilé, oògùn ìyá, ìsìnkú àna, òrùlé ilé bàbá tí ń jò. Olúkúlùkù ń wí pé, “Tèmi kéré.” Òtítọ́ sì ni pé ó kéré! Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ka iye wáyà tí ó ti wà níbẹ̀ kí ó tó so tirẹ̀. Bí ó bá wálé ní ọdún Kérésìmesì, a ó wọ aṣọ ẹbí fún un, a ó sì máa yìn ín, bí ìgbà tí a fi léèsì bo ẹ̀rọ tí ń gbóná. Ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá dá a dùbúlẹ̀, gbogbo ilé ni yóò dákẹ́.

Bí Mósè ti wà nìyí. Láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́ ni ó ń jókòó, tí gbogbo Ísráẹ́lì dúró yí i ká pẹ̀lú ẹjọ́ wọn. Jẹ́tírò, bàbá ìyàwó rẹ̀, ni ó rí i, tí ó sì sọ fún un pé àárẹ̀ yóò mú un, yóò sì mú àwọn ènìyàn náà pẹ̀lú. Kò ní kí ó lé wọn lọ. Ó ní kí ó yan olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta àti olórí mẹ́wàá, àwọn tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run tí wọ́n sì kórìíra àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kí ẹjọ́ tí ó le nìkan máa dé ọ̀dọ̀ Mósè. Mósè sì gbà. Kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ámpílífáyà kíyè sí èyí: ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn pé ọwọ́ òun nìkan ni gbogbo ẹbí ń wò, kò tíì ṣe oore fún wọn.

Àwọn kan rò pé Pọ́ọ̀lù Mímọ́ tako ara rẹ̀, nítorí ó ní kí a máa ru ẹrù ara wa, ó sì tún wí pé olúkúlùkù ni yóò ru ẹrù tirẹ̀. Kò tako ara rẹ̀. Àwọn kan wà tí kò ní iná tiwọn: arúgbó, aláìsàn, ọmọ òrukàn, opó tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ìwọ̀nyí ni kí a gbé láìkùn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lágbára, àti àbúrò tí ó ti kọ́ṣẹ́ parí, ẹ̀rọ kejì ni kí wọ́n jẹ́. Kí wọ́n gba ìmọ̀ràn, ẹ̀kọ́ àti orúkọ rere lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn, nítorí ohùn tí a pín kì í tán. Kí wọ́n sì fi agbára tiwọn sọ ọ́ jáde. Nígbà tí alágbára bá tú wáyà rẹ̀ kúrò, àyè yóò wà fún aláìlera. Àwọn baba wa ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín, kí ẹ ka nọ́ńbà tí a kọ síbẹ̀, kí ẹ sì ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tí ń gbé ẹbí yín ró lórí fóònù, kí ẹ béèrè bí ara rẹ̀ ti rí, kí ẹ má sì tọrọ ohunkóhun.

Kí Olúwa wa Jésù Krístì, ẹni tí ń pe gbogbo àwọn tí ẹrù wúwo lórí wọn láti wá gba ìsinmi, fi agbára fún àwọn tí ń rù, kí ó sì fún àwọn tí a ń rù ní ọkàn ọpẹ́. Àmín.