Ọ̀mùtí: Ẹni Ẹ̀gàn ni Tàbí Ẹni Àánú?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọtí ti wà láàárín àwa Yorùbá. A fi ń ṣe ìkómọ, a fi ń tọrọ ìyàwó, a fi ń ta àwọn baba ńlá wa lọ́rẹ, a sì fi ń ṣe àlejò. Síbẹ̀, àwọn àgbà kò ṣàì mọ ewu tí ó wà nínú rẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé Ọbàtálá ni Olódùmarè kọ́kọ́ rán láti wá dá ilẹ̀ ayé, ṣùgbọ́n ó mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí di òní olónìí, èèwọ̀ ni ẹmu jẹ́ fún àwọn olùsìn Ọbàtálá. Bí ọtí bá lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òrìṣà, kí ni kò lè gbà lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn? Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìparí ìtàn náà pẹ̀lú: a kò torí àṣìṣe yìí lé Ọbàtálá kúrò láàárín àwọn òrìṣà. Ó tún rí iṣẹ́ gbà, òun ni a sì ń pè ní ẹni tí ń mọ ọmọ ènìyàn títí di ìsinsìnyí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ rò nìyí: irú ojú wo ni ó yẹ kí a fi wo ẹni tí ọtí ti sọ di ẹrú?

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kọjá yóò rí ilẹ̀ tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Apẹja àti igi àgbọn ni a fi ń mọ̀ ọ́n nígbà kan rí. Ilé ńláńlá àti ọkọ̀ ni ó gba ibẹ̀ kan báyìí. Ní ibùdókọ̀ Ajah, kò ṣòro láti rí ẹni tí ń ta páragà, ìyẹn egbò àti ewé tí a rẹ sínú ọtí líle, tàbí ọtí inú ọ̀rá kékeré tí a lè fi sí àpò ṣòkòtò. Ní àwọn ilé ìtura Lẹ́kí ẹ̀wẹ̀, ọtí òkè òkun ni a ń tà nínú ìgò olówó iyebíye. Ìgò yàtọ̀ sí ọ̀rá, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni ohun tí ń pa ènìyàn nínú méjèèjì. Àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ọtí inú ọ̀rá ní oṣù kejì ọdún 2024, ariwo sì sọ débi pé a tún sún òfin náà síwájú.

Kí ni ọtí ń ṣe nínú ara? Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀dọ̀ yóò fi le, tí ikùn yóò wú, tí ojú yóò sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń sọ ọkàn di aláìlera, ó sì ń ṣe ọmọ inú oyún níbi. Láti ọdún 1988 ni àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti ka ọtí mọ́ àwọn ohun tí ń fa àrùn náà. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí a lè pè ní aláìléwu.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ta ni ó rán an? Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi gbé ife.” Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ọtí a máa mú kí ọpọlọ rọ̀. Bí ó bá pẹ́, ọpọlọ a máa sa gbogbo agbára rẹ̀ láti borí ìrọ̀ náà, bí ẹni tí ń ti ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ń tì láti òdì kejì. Bí ẹni òdì kejì bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ lójijì, ẹni tí ń tì í yóò ṣubú lulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé awakọ̀ kan wà ní Ajah tí ó ti ń mu ọtí láràárọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn ẹbí rẹ̀ dìde, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ojú kan ọtí mọ́. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó, ó ń bì, kò sì lè sùn. Láàárín ọjọ́ méjì, gìrì lè gbé e. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ara rẹ̀ lè gbóná, kí ó máa rí kòkòrò tí ẹlòmíràn kò rí lára ògiri, kí ó sì máa bá ẹni tí kò sí nílé sọ̀rọ̀. Ẹnì kan yóò ní ayé ni ó ń ṣe é. Ẹlòmíràn yóò ní kí a wá ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mùtí ni ó ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kàn lè kú bí a kò bá tọ́jú rẹ̀.

Àìmọ̀ burú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, nígbà tí àwọn ènìyàn ń fọ́ lójú tí wọ́n sì ń kú ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Àwọn oníṣègùn wádìí, wọ́n sì rí i pé ògógóró tí májèlé mẹ́táńọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ ni ó fa ikú náà.

Ìtọ́jú wà fún awakọ̀ wa yìí. Ní ilé ìwòsàn, dókítà lè fún un ní oògùn bíi dayasípáàmù tí ń mú ọpọlọ rọ̀ ní ipò ọtí, yóò sì máa dín in kù lójoojúmọ́ títí ara yóò fi balẹ̀. Yóò fún un ní fítámì B1, nítorí pé ọtí kì í jẹ́ kí èyí tó nínú ara, àìtó rẹ̀ a sì máa pa iyè ènìyàn rẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìmọ̀ràn, iṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ rere yóò ràn án lọ́wọ́ kí ó má bàa padà sídìí ife. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yaba, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1907, àti ti Arò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Adéoyè Lambo ti ṣe iṣẹ́ ribiribi, ń tọ́jú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ àánú kò ní sọ àwọn ẹlòmíràn di ọ̀mùtí? Rárá o. Kò sí ẹni tí ń dá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nítorí pé teguntegun wà ládùúgbò. Ẹ̀gàn gan-an ni ó léwu, nítorí pé ẹni tí ojú ń tì yóò purọ́ fún dókítà nípa iye ọtí tí ó ń mu, irọ́ náà sì lè pa á. Nítorí náà, èrò mi ni pé ẹ̀bi àti àánú lè jókòó lórí ẹní kan. Ọ̀mùtí ni ó ni ojúṣe láti sọ pé, “Ẹ gbà mí”. Àwa ni a ni ojúṣe láti má ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà di ìtìjú sí i lẹ́nu. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ẹnu kan ife àkọ́kọ́, nítorí pé òun nìkan ni ó dájú pé ẹ lè kọ̀ láìjìyà. Bí ó bá sì jẹ́ pé bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín ni ọtí ti dè, ẹ má ṣe dédé da ọtí rẹ̀ nù lóru. Ẹ sọ fún àgbàlagbà tí ó lóye, kí ẹ sì jọ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó lè mú un padà wálé láàyè.