Ẹ̀bi Àìgbọràn

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onísìn àti àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń bi ara wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀: bí a bá pàṣẹ fún ìránṣẹ́ tí kò sì ṣe é, ìgbà wo ni ó tọ́ kí a pè é ní aláìgbọràn? Orí tábìlì àwọn tí ń tún táǹkì ìṣeré ṣe ni mo ti rí ìdáhùn tí ó yé mi jù lọ. Táǹkì náà jẹ́ àwòrán kékeré ọkọ̀ ogun, akọ irin a-fẹ̀wọ̀n-rìn, a-gun-òkè-má-mí, tí a ń fi rìmóòtù darí láti òkèèrè.

Ní ọdún 1898, ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní ìlú New York, Nikola Tesla fi ọkọ̀ ojú omi kékeré kan han àwọn èrò. Kò sí okùn, kò sí wáyà láàárín òun àti ọkọ̀ náà, síbẹ̀ ó ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọ̀gá rẹ̀ ti fẹ́, débi pé àwọn kan rò pé idán ni. Bí àṣẹ tí a kò fojú rí ti di iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn báyìí, bẹ́ẹ̀ ni àìgbọràn pẹ̀lú ti di ohun tí a lè tú palẹ̀ yẹ̀ wò.

Bí táǹkì bá kọ̀ láti rìn, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í kọ́kọ́ tú ikùn rẹ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Rìmóòtù tí ó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni ó ń yẹ̀ wò, bóyá bátìrì rẹ̀ ti kú, tàbí bóyá a kò tíì so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí ń gba àṣẹ nínú táǹkì, nítorí àwọn rìmóòtù òde òní tí ń lo ìgbì 2.4 gígáhẹ́ẹ̀tì kì í bá àjèjì sọ̀rọ̀. Bí táǹkì bá sì ń rìn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ọ̀pá náà ni kò dúró sí àárín gan-an: táǹkì ń jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀ pé òun rán an. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo ojú ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà kọjá, nítorí mọ́tò tí ń yí ẹ̀wọ̀n a máa ta iná wẹ́wẹ́ níbi tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ti ń ha irin, iná náà a sì dá ariwo sílẹ̀ tí í bo ohùn àṣẹ mọ́lẹ̀, àfi bí a bá fi kapásítọ̀ kékeré, irú ti 0.1 máíkírófárádì, sí ojú mọ́tò láti pa á lẹ́nu mọ́.

Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ebi. Bátìrì ọ̀pọ̀ táǹkì tí a ṣe ní ìwọ̀n 1/16 jẹ́ 7.2 fólítì, ọmọ mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 1.2. Nígbà tí ẹ̀wọ̀n bá ń yí lófìfo lórí tábìlì, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dojú kọ òkè, tí mọ́tò ń fa iná gidigidi, bí bátìrì bá ti gbó tàbí tí ibi tí a fi òjé lẹ wáyà bá ti sán, fólítì a já wálẹ̀, ẹ̀rọ tí ń gba àṣẹ a sì dákú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni tí ń wò ó lókèèrè yóò ní olórí kunkun ni, bẹ́ẹ̀ ebi ni ó ń pa á; mítà tí a sì fi wọ̀n ọ́n nígbà ìsinmi kò ní rí àrùn náà, nítorí inú iṣẹ́ nìkan ni ó ti ń fara hàn. Òmíràn sì wà tí ẹni tí ó ṣe é ti là á sílẹ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, bí kò bá gbọ́ ohùn mọ́, kí ó dúró. Irú èyí tí ó bá dúró láàárín pápá kò ṣọ̀tẹ̀ rárá. Àṣẹ tí ó dàgbà ju ti òní lọ ni ó ń pa mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí-ọkàn ti í dá ènìyàn rere dúró nígbà tí gbogbo ayé ń tì í síwájú.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹnìkan lè sọ pé, bí a bá ń wá ìdí fún gbogbo àìgbọràn báyìí, ẹ̀ṣẹ̀ kò ní sí mọ́ láyé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ènìyàn kì í ṣe irin. Ó lè gbọ́ kedere, kí ó ní agbára, kí ó sì kọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó lè kọ̀ ni ìwádìí fi tọ́ sí i ju irin lọ, nítorí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kò lè ba táǹkì lórúkọ jẹ́, ó sì lè ba ayé ọmọ ènìyàn jẹ́ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ kò dáhùn, ọ̀gá tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ fà sẹ́yìn, àlùfáà tí ìjọ rẹ̀ ti tutù, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ ara wọn wò, kí wọ́n wo ariwo tí ó wà lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì bèèrè bóyá ẹni tí wọ́n rán jẹun kánú. Bí gbogbo èyí bá pé, tí ó sì kọ̀ síbẹ̀, ìgbà náà ni orúkọ aláìgbọràn tó ó pè, ìgbà náà ni ìbáwí sì di òdodo.