Nígbà tí Ogun Bá Tán, tí Ara Kò Mọ̀
Kùtúbà Jímọ̀, Ìjagun, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ènìyàn, tó sì fi ọgbọ́n sínú gbogbo oríkèé ara rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allāhu, a sì jẹ́rìí pé ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo sọ àsọọ́lẹ̀ ìpáyà Ọlọ́hun fún ẹ̀mí ara mi àti fún ẹ̀yin náà.

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí àwọn tó ti ogun dé. Láti ọdún 2009 ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti ń bá Boko Haram jà ní Borno àti agbègbè rẹ̀, ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá délé, a ó pa adìẹ, a ó ṣe sàráà pé ó bọ̀ láàyè. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ lè rí i pé kì í sùn lóru. Bí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ lójú títì, yóò da ara rẹ̀ délẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yóò máa mú un bínú. Àwọn kan á ní àlùjànnú ló ń bá a jà. Àwọn mìíràn á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò lágbára.

Ẹ jẹ́ kí a wo Al-Kùránì Alápọ̀nlé. Nínú Súrà Al-Aḥzāb, àáyà kẹwàá àti ìkọkànlá, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa ogun Khandaq, nígbà tí ọ̀tá yí Mẹdínà ká ní ọdún karùn-ún Hijra. Ó ṣàpèjúwe ojú tó yẹ̀, ọkàn tó gòkè dé ọ̀nà ọ̀fun, àti bí a ti mi àwọn onígbàgbọ́ gidigidi. Sàhábé ni wọ́n! Nítorí náà, kí ara gbọ̀n lójú ogun kì í ṣe àmì àìnígbàgbọ́.

Kí ló ń ṣe ara nígbà náà? Kókó kékeré kan wà lórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan, tó ń tú ohun tí àwọn dókítà ń pè ní họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ewu bá dé, ọpọlọ yóò ránṣẹ́ sí wọn. Adrenaline ni yóò kọ́kọ́ jáde: ọkàn á máa lù kì kì kì, èémí á yára, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀. Cortisol á tẹ̀lé e: á tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí agbára má baà tán. Bí ewu bá kọjá, cortisol yìí kan náà ni yóò padà sọ fún ọpọlọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Àánú Ọlọ́hun ni ètò yìí.

Ṣùgbọ́n lára ẹni tó pẹ́ lẹ́nu ìbọn, tó rí ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ètò náà lè dàrú. Nígbà tí Rachel Yehuda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn tó ja ogun Vietnam wò ní Amẹ́ríkà, cortisol tí wọ́n bá lára àwọn tí ìpayà ogun ṣì ń dà láàmú kò pọ̀ bí a ti lè rò. Ṣe ló kéré. Àyẹ̀wò gbogbo kò bá èyí mu, ṣùgbọ́n ó jọ pé ohùn tó yẹ kó sọ pé ogun ti tán ni kò ròkè mọ́, tí ara sì ń ṣọ́ ọ̀tá tí kò sí nílé. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Kí ni ká ṣe? Ẹ rántí ọjọ́ tí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti ihò Hírá bọ̀, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá wa Khadījah kò bá a wí. Ó daṣọ bò ó títí ìpayà fi lọ. Ó fi ọ̀rọ̀ rere tù ú nínú. Lẹ́yìn náà, ó mú un lọ bá Waraqah ọmọ Nawfal, ẹni tó ní ìmọ̀. Ohun mẹ́ta nìyẹn: ìbòrí, ọ̀rọ̀ rere, àti onímọ̀.

Onímọ̀ kò jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Aro, Abéòkúta, ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín. Níbẹ̀ ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, láti ọdún 1954, ti ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ẹbí náà wà lára òògùn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe so ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má sì nà án ní orúkọ lílé àlùjànnú. Ẹ má jẹ́ kó fi ọtí tàbí igbó wá oorun. Bó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ tètè mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bó bá ń na ìyàwó rẹ̀, ẹ wá ibi ààbò fún obìnrin náà àti àwọn ọmọ. Ẹ má ṣe fi sùúrù bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìrun àti ìrántí Ọlọ́hun ń fi ọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n Ànábì tó kọ́ wa ní àdúà ló tún kọ́ wa láti wá ìwòsàn.

Ìwọ arákùnrin tó ti ogun dé, tó jókòó nínú sáfù yìí: kò sí ìtìjú nínú kí o sọ pé o kò sùn. Àìsàn ni, àìsàn sì ní ìwòsàn.

Yá Ọlọ́hun, fi oorun fún àwọn tí kò rí oorun sùn. Fi àánú sí ọkàn àwa tí wọ́n padà wá bá. Fi àlàáfíà sí Borno, sí Ìjẹ̀bú, àti sí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Àmín.