Ère Ọkọ̀ Ogun: Ìṣeré Ni Tàbí Ẹ̀rí?

Kò sí ọmọdé tí kò fi igi ṣe ìbọn rí, kò sì sí àgbàlagbà tí kò rí i kí ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ na igi sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní "Gbàù!", ọ̀rẹ́ ṣubú, ó kú, ó sì dìde láti lọ jẹ oúnjẹ alẹ́. A kì í bá ọmọ wí nítorí èyí, nítorí a mọ̀ pé kò mọ ohun tí ìbọn jẹ́. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà tí ó mọ ohun tí ìbọn jẹ́ bá jókòó fún ọdún mẹ́rin, tí ó ń kan ère ohun ìjà kan, tí ó náwó sí i, tí ó sì fi ṣe ayọ̀ ọkàn rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, kí ni kí á wí nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi ohun tí ó pa ènìyàn ṣe ìṣeré? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ gbé yẹ̀ wò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àròsọ ni. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin tí mo wọ̀ sí ilé rẹ̀, káfíńtà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ń kan ère ọkọ̀ òfúrufú ogun kan nínú ilé tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé mọ́tò sí. Mo bá a fa ayùn, mo bá a di pákó mú, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí n ó sọ yìí. Orúkọ ọkọ̀ tí ó ń ṣe ère rẹ̀ ni Mosquito, èyí tí í ṣe ẹ̀fọn ní èdè wa. Ilé-iṣẹ́ de Havilland ni ó ṣe é, ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1940 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ sì fò. Ní àsìkò tí irin ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ogun, igi ni wọ́n fi ṣe èyí. Wọ́n fi igi bálísà, tí ó fúyẹ́ bí òwú, sí àárín pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì. Wọ́n ṣe ikùn ọkọ̀ ní ìdajì méjì, wọ́n sì pa ìdajì méjèèjì dé bí ẹni pa igbá dé. Nítorí náà, àwọn tí ń kan àga àti tábìlì, títí kan àwọn tí ń kan dùùrù, ni wọ́n pè wá sí iṣẹ́ ogun. Ó ní ẹ̀rọ méjì, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Ènìyàn méjì a sì jókòó nínú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Iye rẹ̀ tí a ṣe lé ní 7,700.

Ère tí mo ń wí jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ọkọ̀ gidi. Apá ọkọ̀ gidi, láti ìkángun kan dé èkejì, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 54 àti íǹṣì 2. Nítorí náà apá ère fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 11. Ó wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ẹ̀rọ méjì tí ń mu epo pẹtiróòlù ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹni tí ń darí rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ pẹ̀lú àpótí kékeré lọ́wọ́, àṣẹ rẹ̀ sì ń gba inú afẹ́fẹ́ lọ gẹ́gẹ́ bí ohùn rédíò ti ń lọ.

Ìgbà tí a bá kàn án tán ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́rọ méjì ní ewu tí ẹlẹ́rọ kan kò ní. Bí ẹ̀rọ kan bá kú lófuurufú, èyí tí ó kù yóò máa ti imú ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó kú. Bí awakọ̀ bá sì jẹ́ kí eré rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, ìrù kò ní lè tọ́ ọ mọ́, yóò dojú dé, yóò já lulẹ̀. Ohun tí ọkàn ènìyàn máa ń fẹ́ ṣe ni kí ó fún ẹ̀rọ tí ó kù ní agbára sí i. Ọgbọ́n sì ni kí ó dẹwọ́ rẹ̀, kí ó tẹ imú ọkọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí ó wá ibi bà sí. Nítorí èyí, baba náà lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láti mú kí ẹ̀rọ méjèèjì máa dún ní ohùn kan náà. Ó fi bátìrì méjì àti ẹ̀rọ agbàṣẹ méjì sínú rẹ̀, kí èkejì lè gbà á bí èkíní bá kú. Ó tò ó pé bí àṣẹ bá dáwọ́ dúró, kí ẹ̀rọ méjèèjì dẹwọ́ fúnra wọn, kí ọkọ̀ má baà sá lọ bí ẹṣin tí ó já okùn. Ó fi òjé sí imú rẹ̀ títí ìwọ̀n rẹ̀ fi dọ́gba. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí sì ni pé ère tí ó bá wúwo ju kìlógíráàmù 25 lọ kò gbọdọ̀ fò láìgba àṣẹ pàtàkì.

Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ lè rí i pé kì í ṣe ẹni tí kò bìkítà ni ó ń ṣe irú ère yìí. Ẹni tí ń ro ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó dúró ní ìsàlẹ̀ ni. Ohun tí ó mú kí ìbéèrè wa le gan-an nìyí. Nítorí ọkọ̀ gidi tí ó ń ṣe ère rẹ̀, ìṣòro àwọn tí ó dúró ní ìsàlẹ̀ ni a ṣe é fún.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí ó jagun abẹ́lé ilẹ̀ wa láàárín ọdún 1967 sí 1970, wá kí mi nígbà kan, mo sì mú un wọlé lọ wo ère náà. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, kò fọwọ́ kàn án.

Ó ní: "Àyìnlá, ohun tí ẹ ń ṣe nìyí?"

Mo ní: "Òun náà ni, Bàbá. Ẹ wo bí ó ti jọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Ó ní: "Mo rí i. Bí ó ti jọ ọ́ gẹ́lẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè fọwọ́ kàn án. Ṣé o ti gbọ́ ohùn irú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ rí?"

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá; ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Ẹni tí ń kan ère ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè. Òun ń wò ó láti ìsàlẹ̀.

Èsì mẹ́ta ni àwọn tí ń ṣe irú ère yìí máa ń fọ̀. Èkíní ni pé: "Igi lásán ni, kò pa ẹnikẹ́ni." Òótọ́ ni pé igi náà kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wí báyìí kò gbà á gbọ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ igi lásán, èé ṣe tí ó fi ń wá fọ́tò ogun kiri kí ó lè mọ ibi tí a kọ lẹ́tà sí lára ọkọ̀ kan pàtó? Èé ṣe tí ó fi ń kun ìlà dúdú àti funfun sí apá rẹ̀, irú èyí tí a kùn sára ọkọ̀ àwọn tí ó gbógun ti Jámánì ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù kẹfà ọdún 1944? Ẹni tí ó fi orúkọ pe ère ti jẹ́wọ́ pé ère náà ń sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn.

Èsì kejì sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní: "Ìrántí ni. Bí a kò bá ṣe é, a ó gbàgbé àwọn akọni tí ó kú nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn." Ìbéèrè mi ni pé: ìrántí ta ni? Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1945, àwọn ọkọ̀ Mosquito ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fò lọ sí Copenhagen, olú-ìlú Denmark, láti wó ilé tí àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Jámánì tí a ń pè ní Gestapo fi ṣe ibùjókòó. Àwọn ọmọ Denmark tí ń bá Jámánì jà ní ìkọ̀kọ̀ ni ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá, nítorí ìwé tí ó lè tú àṣírí wọn wà ní ilé náà. Wọ́n sì ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n mọ́ àjà òkè rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ náà fò sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn fi kọlu òpó iná, tí ó sì já lulẹ̀ nítòsí ilé-ìwé Jeanne d'Arc ti ìjọ Àgùdà. Iná sọ, èéfín rú. Díẹ̀ nínú àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rò pé ibi tí èéfín ti ń rú ni ibi tí a rán wọn, wọ́n sì ju bọ́ǹbù lé e. Ọmọ ilé-ìwé 86 ni ó kú. Ilé Gestapo náà wó, ìwé jóná, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì ráyè sá lọ. Irú ọkọ̀ kan náà, ní ọjọ́ kan náà, ni ó gba àwọn wọ̀nyí là tí ó sì pa àwọn wọ̀nyẹn. Bí ère bá jẹ́ ìrántí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀, tí kì í ṣe ìrántí àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ààbọ̀ ìrántí ni.

Èsì kẹta ni pé ogun náà tọ́. N kò ní jiyàn èyí. Ìjọba Hitler kò ka aláwọ̀ dúdú sí ènìyàn, àwọn aláwọ̀ dúdú sì wà nínú àwọn tí ó bá a jà. Ulric Cross, ọmọ Trinidad, aláwọ̀ dúdú bí tiwa, jẹ́ atọ́nà nínú ọkọ̀ Mosquito. Ìgbà 80 ni ó lọ sí ojú ogun, lẹ́yìn èyí ni ó di agbẹjọ́rò àti adájọ́, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi ère bu ọlá fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò ṣe ohun àìdára. Ṣùgbọ́n pé ogun tọ́ kò sọ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ di ohun ìdárayá. Ènìyàn lè jàre ogun kí ó má sì jó lórí ibojì.

Kí ni èrò tèmi? Èrò mi ni pé ère kò ní ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ère ní gbèsè, ẹni tí ó ṣe é ni yóò sì san án. Ẹ wo ère ìbejì láàárín àwọn baba wa. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a gbẹ́ ère rẹ̀. Kò sí ìyá tí kò mọ̀ pé igi ni. Síbẹ̀ ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á, ó ń bọ́ ọ, nítorí pé ère tí a ti ṣe ti gbé iṣẹ́ lé ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí ère ọkọ̀ ogun gbé léni lọ́wọ́ ni ìmọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kí ìrísí ère jẹ́ òótọ́ dé orí lẹ́tà tí ó kéré jù ti ṣe ìlérí pé òun yóò mọ ìtàn rẹ̀ dé orí ọmọ tí ó kéré jù. Kò lè mú òtítọ́ ojú kí ó fi òtítọ́ inú sílẹ̀. Bí ẹnìkan tí ó jẹ́ ọmọ ilé-ìwé ní Copenhagen ní ọjọ́ náà bá dúró létí pápá nígbà tí ère ń fò kọjá, ǹjẹ́ ẹni tí ó ni ín lè lọ bá a, kí ó kí i, kí ó sì sọ ohun tí ère náà jẹ́ láìfi ohunkóhun pamọ́? Bí ó bá lè ṣe é, kí ó máa gbé e fò. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó gbé e kalẹ̀ kí ó lọ kàwé.

Ó ku ìṣòro kan. Ní àwọn ibi kan tí a ti ń fi irú ère yìí ṣe ìran, wọ́n a so bọ́ǹbù onígi mọ́ ọn lábẹ́, wọ́n a jù ú sórí pápá, ẹnìkan a sì dá iná àti èéfín nílẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè pàtẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣe ni kí á yọ bọ́ǹbù kúrò pátápátá, kí ọkọ̀ náà máa fò bí ẹyẹ ẹlẹ́wà. N kò gbà. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, a ti sọ ohun ìjà di ẹyẹ, ọmọdé tí ó bá rí i yóò sì rò pé nítorí ẹwà ni a ṣe é. Kí bọ́ǹbù wà níbẹ̀, kí ojú rí i. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe jù ú fún ẹ̀rín. Bọ́ǹbù tí ojú rí ń sọ ohun tí ọkọ̀ náà jẹ́. Iná tí a fi ń gba àtẹ́wọ́ ń sọ ikú di eré, àwọn tí iná gidi jó kò sì sí níbẹ̀ láti sọ bóyá wọ́n fọwọ́ sí i. Baba káfíńtà náà kan bọ́ǹbù tirẹ̀ mọ́ ikùn ọkọ̀ pinpin, débi pé kò lè já bọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní: "N kò fẹ́ kí ọwọ́ mi mọ bí ó ti rọrùn tó."

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó nìkan ni èyí. Ẹ lọ wo iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére Èkìtì lára òpó àti ilẹ̀kùn ààfin. Jagunjagun wà lórí ẹṣin pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, ẹwà rẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a tún ń rí ẹni tí a dè lọ́wọ́, tí a ń fà lọ. Agbẹ́gilére kò fi ẹrú pamọ́ kí ẹṣin lè dára sí i. Àwa tí a ń kọ ìtàn ogun Ìjàyè àti ogun Kírìjì, tí a ń fi àwọn akọni wa ṣe eré orí ìtàgé, gbèsè kan náà ni a jẹ. Ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbẹ́ ère ogun, kí ó gbẹ́ ojú rẹ̀, kí ó sì gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú.