Kí A Mọ Edé Kí A Tó Gbé E Wálé

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ edé ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì olómi iyọ̀. Pupa àti funfun ló wọ́pọ̀ lára wọn. Ẹni tí ojú ń kán á ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ wo Lysmata wurdemanni, edé etí òkun Atlántíìkì níhà Amẹ́ríkà. Ara rẹ̀ mọ́ gaara, ilà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára rẹ̀ láti orí dé ìrù. Wọ́n ń wá a kiri nítorí pé ó ń jẹ Aiptasia, ẹ̀dá òkun tó rí bí òdòdó, tí oró rẹ̀ ń ba iyùn tó wà láàyè jẹ́. Ṣùgbọ́n Rhynchocinetes durbanensis jọ ọ́. Iké yọ lẹ́yìn tiẹ̀, ojú rẹ̀ tóbi, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì kọjú sókè. Iyùn rírọ̀ gan-an lòun máa ń jẹ. Ẹni tó bá ṣi èyí rà ti fowó ara rẹ̀ ra ọ̀tá wálé. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ní í rí ìfun èèrà.

Bí a bá ti mọ̀ ọ́n, ìtọ́jú ló kù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Edé kì í fara da kí iyọ̀ omi yí padà lójijì. Nítorí náà, bí a bá gbé e délé, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń kán omi àpótí sínú ike tí edé wà, fún wákàtí kan ó kéré tán. Bí ẹja bá ń ṣàìsàn, a kì í da oògùn tó ní bàbà sínú àpótí tí edé wà: ohun tó ń wo ẹja sàn ni yóò pa edé. Inú àpótí mìíràn la ti ń tọ́jú ẹja.

Bí a bá sì jí láàárọ̀, tí a rí edé tó nà gbalaja láìmira, kí a má tíì dárò. Èèpo tó bọ́ ni ó lè jẹ́. Olóhun ti sá pamọ́ sábẹ́ òkúta títí ara tuntun yóò fi le. Kí a má ṣí òkúta náà.

Púpọ̀ nínú edé wọ̀nyí ni wọ́n kó láti inú òkun. Wọn kò bẹ̀ wá pé ká wá mú àwọn. Ó kéré tán, kí a mọ orúkọ wọn àti oúnjẹ wọn kí a tó sọ wọ́n di ará ilé.