Bí Iṣẹ́ Bá Gba Ọjọ́ Ọdún

Ọjọ́ 3, Oṣù Kìíní

Ẹ KÀ: Lúùkù 2:8-20

ÀKỌ́SÓRÍ: Lúùkù 2:16 (Ẹ ṣí Bíbélì yín, kí gbogbo ilé jọ kà á sókè.)

Ǹjẹ́ o ti kíyè sí i pé ẹnu iṣẹ́ ni àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn ìbí Jésù wà? Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sùn, àwọn olùṣọ́-àgùntàn wà nínú pápá lóru, wọ́n ń ṣọ́ ẹran wọn. Áńgẹ́lì Olúwa kò bá wọn wí pé wọn kò sí nílé. Ibi iṣẹ́ wọn gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ọ̀run ti bá wọn.

Nítorí náà, ìwọ tí o kò ráyè lọ sílé ní Kérésì tó kọjá yìí, má ṣe banú jẹ́. Ìjọba fún wa ní ìsinmi ní ọjọ́ 25 àti 26 oṣù Kejìlá àti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, ṣùgbọ́n àìsàn kì í gba ìsinmi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí UCH ní 1957 ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń lo Kérésì lọ́dọ̀ aláìsàn. Àwa tí a wà ní Ọlọ́runṣògo àti agbègbè rẹ̀ mọ̀ pé adìẹ kò mọ ọdún. Ẹni tó ń sìn wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ wọn, kó sì kó ẹyin. Kòkó tí àgbẹ̀ sá sóòrùn, ó gbọ́dọ̀ máa yí i kó má baà bu. Iṣẹ́ òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, Ọlọ́run sì rí i.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí àwọn olùṣọ́-àgùntàn ṣe lẹ́yìn náà. Wọn kò sọ pé ó di ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Wọ́n yára lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, wọ́n fi ojú ara wọn rí ọmọ náà, wọ́n sì padà pẹ̀lú ìyìn.

Níbi yìí ni èmi ti kùnà. Lẹ́yìn tí mo jáde ní pólì, mo ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ní Ìbàdàn. Ní oṣù Kejìlá 2006, a kò sinmi rárá, nítorí ìgbà ọdún ni ọjà wa máa ń tà jù. Mo pe ìyá mi lórí fóònù ní abúlé wa ní Akínyẹlé pé bí ọdún bá ti kọjá, n ó wá. Wọ́n ní, "Kò burú, ọmọ mi. Àkùkọ rẹ wà níbí."

Oṣù Kìíní kọjá, oṣù Kejì kọjá. Ọkọ̀ méjì péré ni n bá wọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn! Bí mo bá pè, wọn a ní, "Ara le." Mo ń fi owó ránṣẹ́, mo sì rò pé mo ti ṣe ojúṣe mi. Ìgbà Àjíǹde ní oṣù Kẹrin 2007 ni mo tó délé. Mo dọ̀bálẹ̀, ìyá mi ń wo ẹ̀gbẹ́ mi. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Ìgbà tí mo fọhùn ni wọ́n tó mọ̀ mí.

Àìsàn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma ni. Dókítà ní ìríran tí àìsàn náà bá ti gbà kì í padà mọ́. Ojú kan ti lọ. A dúpẹ́ pé ìtọ́jú kò jẹ́ kí ìkejì lọ. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún mi. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ lo ń ṣe. N kò fẹ́ kó ìdààmú bá ọ." Àkùkọ náà ṣì wà lórí ìso.

Olùfẹ́, fóònù ń gbé ohùn wá, kì í gbé òtítọ́ inú ilé wá. Bí o tilẹ̀ ń rí wọn nínú fídíò, ìyá tó bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́ mọ bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìwọ òṣìṣẹ́ nínú ìjọ, ààwẹ̀ àti ìsọjí ọdún tuntun kò gbọdọ̀ di àwáwí. Nínú Máàkù 7:9-13, Jésù bá àwọn tó fi ọrẹ Ọlọ́run bojú láti pa bàbá àti ìyá tì wí.

OHUN TÍ O MÁA ṢE: Kí o tó dìde níbi àdúrà yìí, mú ọjọ́ tí o máa lọ, kí o sì sọ fún ọ̀gá rẹ. Bí o bá débẹ̀, má ṣe sáré. Jókòó. Wo ojú wọn, wo ẹsẹ̀ wọn, wo orí òrùlé, bèèrè oògùn tí wọ́n ń lò. Mú wọn lọ yẹ ojú wò. Àìsàn tí mo sọ yìí máa ń bá ìdílé rìn. Èmi náà ń yẹ tèmi wò. Bí òbí rẹ bá ti sùn nínú Olúwa, àbúrò wọn tàbí àna rẹ ń retí rẹ.

KÓKÓ ÀDÚRÀ

1. Bàbá, mo dúpẹ́ fún iṣẹ́ tí o fi sí mi lọ́wọ́, àti pé o pa mí mọ́ lẹ́nu rẹ̀.
2. Olúwa, dárí jì mí níbi tí mo ti fi "mo ń bọ̀" tan àwọn òbí mi jẹ.
3. Olúwa, ohunkóhun tí wọ́n ń fi pamọ́ fún mi, jẹ́ kí n débẹ̀ kó tó pẹ́ jù, ní orúkọ Jésù. Àmín.